Ẹ Béèrè, Mo Dáhùn: Síkì Òkè Tí Ẹ Ń Gùn, Kì Í Ṣe Ti Inú Fọ́tò

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ síkì gbogbo-òkè ló sì gba ìdajì wọn, mo bá kúkú kó wọn jọ sójú kan. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka abala yìí: síkì ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì tí à ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀ òkè sínóò; ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti lò nídìí tábìlì àtúnṣe síkì, tí mo ń pọ́n etí irin, tí mo ń yọ́ ìda sí abẹ́ rẹ̀, tí mo ń lu ihò fún ìdè bàtà, ìyẹn ohun tó ń di bàtà mọ́ síkì. Bí iṣẹ́ bá dá, mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo bá sọ níbí, ojú mi ló rí i. Àwọn kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé orúnkún mi ló rí i.

Ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ná. Sínóò ni mo ń pe èyí tó rọ̀, yálà ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni o, tàbí ó ti wà nílẹ̀. Yìnyín ni mo ń pe èyí tó ti dì gbagidi tí ẹsẹ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ìbàdí síkì sì ni ibi tó tín-ín-rín jù lára rẹ̀, lábẹ́ bàtà gan-an. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìbàdí yìí sọ́kàn, òun ló máa dá ẹjọ́ tó pọ̀ jù lónìí. Bí ẹ bá sì rí àwọ̀ ọ̀nà nínú àwọn lẹ́tà náà, bí ọ̀nà ṣe le tó ni wọ́n ń fi í sọ: búlúù rọrùn, pupa le jù ú lọ, dúdú ló le jù.

Síkì gbogbo-òkè fúnra rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe kó lè rìn lórí ọ̀nà tí katakata ti tẹ́, lórí òkìtì, nínú sínóò tí àwọn èèyàn ti tú ká, àti nínú sínóò tuntun tí kò jìn jù. Gbogbo rẹ̀ ló lè ṣe, kò sì sí èyí tó ṣe dé góńgó nínú wọn. Ẹni tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ kó tó wọ ilé ìtajà ti yọ ara rẹ̀ nínú ìdajì ìṣòro.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo ga ní 178 sẹ̀ǹtímítà, mo wọn kílò 74. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni mo ti gun síkì láyé mi. Mo ń sọ̀kalẹ̀ láwọn ọ̀nà búlúù láìṣubú, mo sì ti gbìyànjú pupa díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá ti dagẹ̀rẹ́ jù, mo ṣì máa ń mú imú síkì méjèèjì sún mọ́ra, kí n la ìdí wọn, kí n lè dúró. Ọ̀rẹ́ mi tó mọ̀ ọ́n gùn dáadáa ní kí n ra irú tirẹ̀: ìbàdí 104, gígùn 186 sẹ̀ǹtímítà, irin pẹlẹbẹ méjì nínú. Ó ní n óò dàgbà bá a. Ṣé kí n rà á? — Àbúrò yín, Ọlọ́jọ́ Mẹ́rìnlá

Èsì: Àbúrò, má rà á.

Ọ̀rẹ́ rẹ ò tàn ọ́ jẹ o. Síkì tó dáa ni, òun ló kàn dáa fún. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Síkì kì í yí nítorí pé o yí ejìká. Bí o bá dà á sí ẹ̀gbẹ́ tí o sì gbé ara lé e, àárín rẹ̀ á tẹ̀, orí àti ìdí rẹ̀ á ká sókè bí ọrun ọdẹ, etí irin á sì máa tọ ipa ọrun yẹn lọ. Ẹni tó ń sáré gan-an, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ló lè tẹ irin pẹlẹbẹ méjì. Ní ìwọ̀n eré tí ìwọ ń sá báyìí, síkì yẹn ò ní tẹ̀. Síkì tí kò bá sì tẹ̀, tààrà ló ń lọ. Ìwọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ejìká jù ú kiri, wàá jókòó sẹ́yìn, iṣan iwájú itan rẹ á ti máa ta ọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ti ìbàdí ló tún burú jù. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà síkì fẹ̀ tó nǹkan bí 70 mìlímítà. Bí ìbàdí síkì bá jẹ́ 104, etí irin rẹ̀ fi mìlímítà 17 jìnnà sí etí bàtà rẹ lọ́tùn-ún, ó fi 17 jìnnà lósì. Bó bá jẹ́ 84, méje péré ni. Mìlímítà mẹ́wàá jọ ohun kékeré, àbí? Wá pákó kan tó fẹ̀ ju bàtà rẹ lọ, gun orí rẹ̀ lórí ilẹ̀ líle, kí o gbìyànjú láti fi ọrùn ẹsẹ̀ nìkan gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sókè. Lẹ́yìn náà, fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ dán an wò. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ á ṣàlàyé fún ọ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Nínú sínóò rírọ̀, síkì fífẹ̀ máa ń rì díẹ̀, sínóò á sì gbé e láti abẹ́, nítorí náà ìnira yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Orí yìnyín ni gbèsè ti ń pé, orúnkún ló sì ń san án.

Mo mọ̀ nítorí pé mo ti san tèmi. Lọ́dún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sínóò já fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Mo yá síkì oníbàdí 106 lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì léfòó láàárín àwọn igi bí ẹyẹ. Nígbà tó fi di ọjọ́ keje, mo ti ra tèmi. Sínóò gidi ò tún já mọ́ títí ìgbà òtútù fi parí. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ojú ọ̀nà fi ń dán bí àwo. Láràárọ̀ ni síkì mi ń dún gbà-gbà-gbà lórí yìnyín, tí èmi náà ń fi agídí dà á sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, orúnkún òsì mi ti wú, mo sì ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn ilé mi bí arúgbó. Kò sóhun tó ṣe síkì náà. Èmi ni mo ra síkì ọ̀sẹ̀ kan, tí mo fi ń jìyà ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

Bó bá jẹ́ ìwọ lo dúró níwájú tábìlì mi, ohun tí màá gbé fún ọ rèé: ìbàdí láàárín 80 sí 88, gígùn láàárín 165 sí 172, ìyẹn bí ẹni pé láti imú dé iwájú orí rẹ. Kí igi wà nínú, kí fáíbà wà lókè àti nísàlẹ̀. Mi ò fẹ́ irin tó gba gbogbo gígùn rẹ̀, àmọ́ bó bá jẹ́ abala kékeré kan ló wà lábẹ́ bàtà, kò burú. Kí orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, kí ó má bàa máa há sínú sínóò, kí àárín rẹ̀ sì ní kámbà. Kámbà ni àyè tó máa ń wà lábẹ́ àárín síkì bí o bá gbé e lélẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Bí o bá gun orí rẹ̀, àyè yẹn á pa dé, etí irin á sì tẹ ilẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Òun ló ń jẹ́ kí síkì di yìnyín mú.

Ní ti "n óò dàgbà bá a": aṣọ ọmọdé là ń rà kó tóbi, torí pé ara ọmọ ń dàgbà bó bá tiẹ̀ ń sùn. Síkì ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ju agbára ẹni lọ máa ń kọ́ni ní àṣà burúkú, mo sì ti rí ẹni tó lo ọdún méjì kí ó tó bọ́ àṣà yẹn kúrò lára. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọjọ́ tí o bá lè sọ̀kalẹ̀ ọ̀nà pupa ní aago mẹ́ta ọ̀sán, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti tú u ká, tí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ṣì dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, kọ̀wé sí mi, a ó jọ wá èyí tó le díẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. O sọ gbogbo nǹkan nípa síkì, o ò sọ ọ̀rọ̀ bàtà rárá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bí o bá ṣì ń yá bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ ń gbé sókè nínú rẹ̀, kò sí síkì tó máa gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ ń wí. Bí owó ò bá tó méjèèjì, ra bàtà tó bá ẹsẹ̀ rẹ mu ná, kí o ṣì máa yá síkì fún sáà kan.

Ìbéèrè: Bàbá mi ti ń gun síkì kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ sókè, pé ibi tí ọrùn ọwọ́ mi bá dé ni síkì mi gbọ́dọ̀ dé. Olùkọ́ mi ní àgbọ̀n ló yẹ kó dé. Mo ga ní 165, mo wọn kílò 60. Ọdún karùn-ún mi rèé, ọ̀nà pupa ò sì dẹ́rù bà mí mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Ọmọ Bàbá

Èsì: Bàbá yín ò ṣìnà. Síkì ìgbà tiwọn ni wọ́n ń sọ. Nígbà náà, ìbàdí síkì ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé ju orí àti ìdí lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gún bí rúlà. Kí irú síkì bẹ́ẹ̀ tó dúró ṣinṣin, kó sì di ilẹ̀ mú, ó gbọ́dọ̀ gùn, àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n gùn a sì máa lo èyí tó lé ní mítà méjì. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ Elan ní Slovenia gbé èyí tí wọ́n pè ní SCX jáde ní 1993. Jurij Franko àti Pavel Škofič ló ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Orí rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ fẹ̀, ìbàdí rẹ̀ wọlé gan-an, ó sì kúrú. Àwọn kan fi ṣe ẹlẹ́yà, àmọ́ kò pẹ́ tí gbogbo iléeṣẹ́ fi ń ṣe irú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni òfin ọrùn ọwọ́ kú.

Àgbọ̀n tí olùkọ́ yín wí náà, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ ti kọjá ibẹ̀. Síkì gbogbo-òkè tó wà láàárín 158 sí 165 ni kí ẹ dán wò. Bí iwájú rẹ̀ bá ní rọ́kà púpọ̀, ìyẹn ni pé orí rẹ̀ ti gbé kúrò nílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ẹ lọ sí apá 165, torí pé lórí ọ̀nà líle, apá tó gbé sókè yẹn ò kan ilẹ̀, gígùn tí ẹ san owó fún kọ́ ni gígùn tí ẹ ń lò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gíga nìkan wọ̀n yín. Síkì ò mọ bí ẹ ṣe ga tó, ìwúwo yín ló ń gbọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń wò ó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ẹ máa rí nǹkan bí 126-86-108, R 15. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ orí, ìkejì ni ìbàdí, ìkẹta ni ìdí. R yẹn ni mítà tí òbìrí rẹ̀ máa jẹ́, láti àárín dé etí, bí ìlà ẹ̀gbẹ́ síkì bá yí po di òbìrí kan. Èyí tó bá wà ní 13 tàbí 14 ń fẹ́ kọ́nà kéékèèké lemọ́lemọ́. Èyí tó bá wà ní 18 sókè ń fẹ́ kọ́nà gbọọrọ àti eré. Fún ẹni tó bá ń rìn káàkiri òkè bíi tiyín, 14 sí 17 dáa.

Ẹ má bá Bàbá jiyàn o. Bí ẹsẹ̀ wọn bá bá bàtà yín mu, tí oníṣẹ́ sì tún nọ́ńbà ìdè bàtà ṣe fún wọn, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí agbára ṣe máa pọ̀ tó kí ìdè tó tú bàtà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí i tí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ dá síkì padà mọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ilé ìtajà tí mo lọ ní apá síkì obìnrin nìkan ni kí n dúró sí. Kílò 72 ni mí, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ láwọn ọ̀nà dúdú. Gbogbo èyí tí wọ́n gbé fún mi ló ń gbọ̀n lábẹ́ mi. — Ìyá Àgbà Ọ̀nà Dúdú

Èsì: Ìyá wa, ẹ rìn kúrò níbẹ̀. Nínú ohun tí wọ́n ń pè ní síkì obìnrin, àwọn kan wà tí igi inú wọn fúyẹ́ ní tòótọ́, tí àmì ibi tí wọ́n máa de bàtà mọ́ sì sún síwájú díẹ̀. Ìyẹn wúlò fún ẹni tí kò wúwo, tó sì fẹ́ kọ́nà ìrọ̀rùn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ síkì kan náà pẹ̀lú ti ọkùnrin, àwọ̀ ojú rẹ̀ ni wọ́n yí padà. Síkì ò ní akọ, kò ní abo. Ìwúwo, agbára àti eré ló mọ̀. Ẹ mú èyí tó ní irin nínú, ìbàdí 85 sí 92, kó ga tó iwájú orí yín tàbí kó kọjá rẹ̀ díẹ̀. Bí ọmọ tó ń ta ọjà bá tún na ọwọ́ sí apá kejì, ẹ rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀bi kan kí n tó lọ síwájú. Nínú abala oṣù tó kọjá, mo ní Titanal tó wà nínú síkì líle jẹ́ irin titanium. Arákùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí irin kọ̀wé pé irọ́ ni, òótọ́ ló sì sọ. Orúkọ ló tàn mí jẹ. Aluminiọ́mù tí wọ́n fi síńkì, màgnísíọ́mù àti bàbà pò ni, ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti ń ṣe é. Aluminiọ́mù nínú síkì kì í sì í ṣe tuntun: Howard Head, ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ló fi abala aluminiọ́mù di igi sáàárín, tó sì sọ ọ́ di ohun tí ọjà gbà láti nǹkan bí 1950. Ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí àkókò, nítorí lẹ́tà tó kàn.

Ìbéèrè: Mo wọn kílò 108, mo ga ní 188. Mo gùn ún dáadáa, wọ́n tiẹ̀ ní mo yára jù. Síkì gbogbo-òkè tí mo ní fúyẹ́ púpọ̀, kábọ́nù ló wà nínú rẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì ń yìn ín. Àmọ́ nígbà tó bá di ọ̀sán, tí sínóò ti di òkìtì òkìtì, ńṣe ló ń ta mí nù. Ṣé èmi ni àbí òun? — Ọkùnrin Ńlá

Èsì: Òun ni. Àwọn tó ń yìn ín lè máa wọn kílò 70.

Ọ̀gbẹ́ni, ohun tó fúyẹ́ rọrùn láti gbé sí èjìká, ó sì dùn fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ gun òkè kó tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin ń fi àga olókùn gòkè. Bí síkì tó fúyẹ́ bá kan òkìtì sínóò, òkìtì ló ń borí. Orí síkì á ta sókè, ó sì di dandan kí orúnkún yín lọ gbé e padà wálẹ̀. Èyí tó ní ìwúwo díẹ̀, tí Titanal sì wà nínú rẹ̀, máa ń gba ìkọlù yẹn mì. Ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú etí: èyí tó fúyẹ́ ń dún bí agolo, èyí tó wúwo ń dún bí ìgbà tí ènìyàn fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tìmùtìmù. Irin méjì tí mo ní kí àbúrò ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá sá fún, ẹ̀yin ni wọ́n ṣe é fún. Ìbàdí 90 sí 98, gígùn 184 sí 190, ìdí tó gún, tí kò ká sókè bí imú. Bí ẹ bá ń gbé síkì náà rin ọ̀nà jíjìn láti ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí, ẹ máa bú mi lójú ọ̀nà. Mo gbà.

Ìbéèrè: Ogún ọjọ́ ni mo máa ń lò ní àwọn òkè Alps lọ́dún, ọ̀nà tí katakata tẹ́ ló pọ̀ jù, mo sì máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà díẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi àti ọkọ mi fẹ́ lọ sí Hokkaido ní Jàpáàn fún ọ̀sẹ̀ kan. Síkì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ní. Ṣé ìbàdí 108 á ṣe méjèèjì? — Arìnrìn-àjò

Èsì: Á ṣe ọ̀kan dáadáa, á sì dá ekejì lóró. Sínóò Hokkaido kì í ṣe ẹgbẹ́ tiyín ní Alps. Afẹ́fẹ́ tútù láti Siberia ló ń kọjá lórí Òkun Jàpáàn, tó ń fa omi mu, tó sì ń da á sórí àwọn òkè náà ní sínóò fúlẹ́fúlẹ́ bí òwú. Ibẹ̀ ni ìbàdí 108 ti ń jọba. Rọ́kà gan-an, inú irú sínóò jíjìn bẹ́ẹ̀ ló ti jáde: Shane McConkey, gbajúmọ̀ agunsíkì tó ti kọ́kọ́ gun síkì orí omi lórí sínóò, ló fa síkì Spatula tí iléeṣẹ́ Volant gbé jáde ní 2002. Orí àti ìdí rẹ̀ ká sókè, àárín rẹ̀ ló sì fẹ̀ jù. Síkì tó yí gbogbo òfin Elan po sẹ́yìn. Ó ń fò bí ẹyẹ nínú sínóò jíjìn. Lórí yìnyín, kò yàtọ̀ sí ọ̀bọ̀rọ́ pákó.

Ẹ ka ọjọ́ yín. Ogún lápá kan, bóyá mẹ́fà lápá kejì. Ẹ ra ti ogún: ìbàdí 84 sí 90, pẹ̀lú kámbà tó dáa lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ yá ti mẹ́fà nígbà tí ẹ bá dé ọ̀hún. Bàtà yín nìkan ni kí ẹ gbé lọ, ẹ gbé e sínú àpò tí ẹ máa mú wọ inú ọkọ̀ òfurufú, torí pé síkì ẹlòmíì ṣeé lò, bàtà ẹlòmíì ò ṣeé lò. Kí ẹ ti kọ iye mìlímítà gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wà lára ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀, nǹkan bí 295 tàbí 305, òun sì ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ra síkì gbogbo-òkè àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó ní ìdè bàtà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Kí ni kí n wò? — Onílọ́ra

Èsì: Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi tayọ̀tayọ̀. Ojú rẹ̀ ń dán. Nígbà tí mo tú ìdè bàtà kúrò, mo rí ihò mẹ́rin tí wọ́n ti dí, àti mẹ́rin míì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwọn àkọ́kọ́. Ẹni mẹ́ta ti lo síkì yẹn, bàtà mẹ́ta. Mi ò rí ibi tí mo máa lu ihò tuntun sí tó máa fi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà sí ti àtijọ́, mi ò sì lè fọwọ́ sí i pé sukúrù ò ní fà tu lọ́jọ́ tó bá sáré. Ó gbé e relé, ó fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ara ògiri.

Nítorí náà, ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n ti lu ihò sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ kó abẹ́ méjèèjì papọ̀, kí ẹ gbé wọn síwájú iná. Wọ́n gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn níwájú àti lẹ́yìn, kí ìmọ́lẹ̀ sì yọ láàárín. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá yọ mọ́ lára síkì tó yẹ kó ní kámbà, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti ṣẹ́ nínú. Ẹ fi ìka ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀-kọ̀-kọ̀ láti orí dé ìdí. Ibi tí ohùn bá ti yí padà, tó dún bí ohun tó ṣófo, àárín ti yà níbẹ̀, omi sì ti wọlé. Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni ojú òkè ti máa ń kọ́kọ́ ṣí. Bí òkúta bá ti ha abẹ́ rẹ̀ débi tí ẹ fi ń rí igi, ó ṣeé tún ṣe tó bá jẹ́ ní àárín. Bó bá jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí irin, ẹ fi sílẹ̀.

Etí irin náà: ẹ fa ẹ̀yìn èékánná yín kọjá lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ha èékánná díẹ̀ bí eérú funfun, ó mú. Bí kò bá ha nǹkan kan, ẹ má bínú, pípọ́n ni. Ohun tí ẹ ń wá ni bí irin yẹn ṣe nípọn tó. Ti tuntun máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà méjì. Bó bá ti tín-ín-rín bí ojú ọ̀bẹ, pípọ́n ti jẹ ẹ́ tán, kò sóhun tó kù fún èmi láti pọ́n.

Ní ti ìdè bàtà, ẹ má gbà á gbọ́ títí oníṣẹ́ á fi wò ó. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é máa ń gbé orúkọ èyí tí a ṣì lè fọwọ́ kàn jáde lọ́dọọdún. Bí tiyín bá ti jáde nínú rẹ̀, oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà yín náà: bó bá jẹ́ oríṣi tó ní rọ́bà tó sì tẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n kọ GripWalk sí lára, ìdè bàtà àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún àtẹ́lẹsẹ̀ pẹrẹsẹ lè má tú yín sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣubú. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà ẹni tó tà á fún yín wà níbẹ̀. Ìwúwo yín, gíga yín, ọjọ́ orí yín, bí ẹ ṣe ń gùn ún, àti gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà yín la fi ń yan án. Ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún, à ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí brake rẹ̀, apá irin méjì tó ń dá síkì dúró bó bá já kúrò lẹ́sẹ̀, fẹ̀ ju ìbàdí lọ díẹ̀, àmọ́ kó má ju mìlímítà 15.

Gbogbo èyí ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ẹni tó ń tà á ò bá fẹ́ kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpò wò, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ sílé.